Mo Fi Ẹnu Fa Hóòsì ní Point Four

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí ìbéèrè yẹn ti sú mi. Látìgbà tí mo ti dé Monrovia, Yorùbá yòówù tí mo bá pàdé, ì báà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ì báà jẹ́ níbi tí mo ti ń dúró de kẹ̀kẹ́, tí mo bá ti ní ẹ́ńjìnì ni mò ń tún ṣe, ohun tí wọ́n máa bi mí ò ju ọ̀kan lọ: ta ni ọ̀gá ẹ? Wọn ò ní bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Wọn ò ní bi mí pé ṣé iṣẹ́ tí mo ṣe dúró. Ta ni ọ̀gá ẹ, ìlú wo ló wà, ìgbà wo ló ṣe fíríídọ̀mù fún ẹ.

Mi ò ní ọ̀gá. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, jẹnẹrétọ̀ bàbá mi kú, wọ́n gbé e jù sẹ́yìnkùlé, mo tú u. Mo tò ó padà, kò dún, mo tún un tú. Mò ń wo fídíò lórí fóònù, mò ń bú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò, mò ń tú. Ọjọ́ tó dún, gbogbo àdúgbò gbọ́. Màámi jó jáde láti ilé ìdáná, ó jó tẹ́rùn, ó wá ní, "Ó dáa, a máa wá ọ̀gá tó máa gbà ẹ́ báyìí." Mo ní kí ni mo tún fẹ́ lọ kọ́? Ó ní iṣẹ́ tí ọ̀gá ò bá súre sí kì í gbé èèyàn débì kan. Mo ní kò burú, màá gbé ara mi lọ. Ibi tí mo gbé ara mi wá náà nìyí.

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí. Ọmọṣẹ́ á sin ọ̀gá ẹ̀ títí, á fọ mọ́tò, á ra oúnjẹ, á gba ìgbájú. Lọ́jọ́ tó bá parí, ọ̀gá á jókòó sórí àga ńlá, ọmọ á kúnlẹ̀, wọ́n á fi sipánà lé e lọ́wọ́, ọ̀gá á gbọ́wọ́ lé e lórí, á súre, gbogbo ẹgbẹ́ á ṣàmín, wọ́n á ya fọ́tò. Fọ́tò yẹn ni wọ́n ń gbé kọ́ pálọ̀. Nílé wa, ti ẹ̀gbọ́n mi tó ń ránṣọ wà lára ògiri. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣófo. Kí n tó kúrò nílé, Màámi ti kan ìṣó síbẹ̀ dè mí. Ìṣó lásán ni, kò sí nǹkan kan tó fi kọ́ ọ.

Monrovia ò jọ ohun tí mo rò. Òjò ibí kì í rọ̀ bá a ṣe mọ òjò, ó máa ń jókòó síni lórí ni. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ bọ̀ mí lọ́wọ́ fi ìka ẹ̀ ta ìka mi, ó dún pá, mo rò pé ìjà ló fẹ́ bá mi jà, mo ti káwọ́ aṣọ sókè. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń kíra wọn níbí nìyẹn. Tí mo bá ní mo ti jẹun, wọ́n á ní, "You eat rice?" Tí mo bá ní rárá, gààrí ni, wọ́n á mi orí, a jẹ́ pé mi ò tíì jẹun nìyẹn.

Gbogbo ìyẹn, mo gbé e mì. Ohun tó ń dùn mí, ẹ̀yin ẹ máa rẹ́rìn-ín, ni pé mi ò rẹ́ni fi Yorùbá bá jà. Mo máa ń bínú, mo mọ̀, bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Àmọ́ ìbínú mi kì í jáde dáadáa lédè òyìnbó. Màá bẹ̀rẹ̀, màá máa wá ọ̀rọ̀ tó máa ta onítọ̀hún lára, kí n tó rí i, ó ti kọjá lọ ra búrẹ́dì. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Nàìjíríà ní Sinkor. A máa ń kọrin Yorùbá níbẹ̀, a máa ń kíra wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ilé ńkọ́, pẹ̀lẹ́tù-pẹ̀lẹ́tù. Kò burú. Àmọ́ ẹni tí ò mọ̀ ẹ́ ló ń ṣe pẹ̀lẹ́tù sí ẹ. Ẹni tó bá ní ẹ, á bú ẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bá bú mi dáadáa níbí, màá mọ̀ pé mo ti délé.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn Bọ̀dá Ràsákì nìyẹn. Bọ̀dá yìí, àwọn sójà Nàìjíríà ló gbé e wá nígbà tí ogun ń jà níbí. Kì í ṣe sójà o, ó ń tún mọ́tò wọn ṣe ni. Àwọn sójà lọ, òun dúró, ó fẹ́ ọmọ ibí, ó la ṣọ́ọ̀bù sí Point Four lẹ́bàá pọ́ọ̀tù. Mùsùlùmí gidi ni, ahọ́n ẹ̀ sì mú. Ó fún mi ní igun kan nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pé kí n máa ṣe jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kó irinṣẹ́ dé, ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ta ni ọ̀gá ẹ?"

"Mi ò ní."

"Ta wá lo jí iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Mo fún un lésì, ó fún mi lésì, a bú ara wa títí tí ìyàwó ẹ̀ fi gbé ráìsì wá. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀.

Nígbà tó yá ó ní kí n bá òun ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, òun á ṣe fíríídọ̀mù fún mi, pẹ̀lú àga ńlá, pẹ̀lú fọ́tò. Mo ṣèèṣì sọ fún Màámi lórí fóònù. Ẹ wá gbọ́ ayọ̀. "Ó ti tán, ọkọ mi, ìṣó ẹ ti fẹ́ rí nǹkan gbé." Mi ò lè sọ fún un mọ́ pé mi ò tíì gbà. Gbogbo ìgbà tó bá pè ló ń bèèrè, ara Bọ̀dá ẹ ńkọ́, má bá a jà o, ṣé o gbọ́, gbé ẹnu ẹ dákẹ́ títí di ọjọ́ fọ́tò.

Bí mo ṣe ń gbé ẹnu dákẹ́ nìyẹn tí Old Man Jlah fi dé.

Ọmọ Kru, ẹ̀yà àwọn ọlọ́kọ̀ omi ibí, ni Old Man Jlah, gbogbo ayé ẹ̀ lórí omi ló lò ó. Òyìnbó kan tó bá ṣiṣẹ́ ń lọ sílé, ó fi ọkọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ fún un, ọkọ̀ àtijọ́ tó ń fi aṣọ gba atẹ́gùn. Èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò rí ìgbòkun rí àfi nínú Bíbélì. Mo fọwọ́ kan aṣọ yẹn bí ẹni fọwọ́ kan màlúù ẹlòmíì. Ẹ́ńjìnì dísù kékeré wà nínú ẹ̀, torí aṣọ nìkan ò lè mú un gba ẹnu pọ́ọ̀tù jáde. Òkúta ńláńlá ni wọ́n kó síbẹ̀ lọ́tùn-ún lósì láti dá ìgbì dúró, tí atẹ́gùn bá yí padà láàárín wọn, tí ẹ́ńjìnì sì kú, ó parí. Baba fẹ́ gbé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin lọ sílé ní Harper, ìlú etí òkun kan tó jìnnà. Ìyá náà ti darúgbó, ọ̀nà mọ́tò ibẹ̀ á tú eegun ẹ̀ ká kó tó débẹ̀, ó ní ojú omi tí òun bá wá lòun máa bá lọ.

"The engine good," Old Man Jlah ní. "Only the hose them old."

Mo wọ inú ọkọ̀ lọ wò ó. Mo tẹ hóòsì kan, ó fọ́ bí àkàrà àná. Mẹ́ta ló yẹ ká pààrọ̀. Àkọ́kọ́ ń fa omi òkun wọlé látabẹ́ ọkọ̀ kó lè tu ẹ́ńjìnì lára. Èkejì ń gbé omi yẹn pẹ̀lú èéfín jáde nídìí ọkọ̀, sálẹ́ńsà ẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀kẹta ń gbé dísù wá fún ẹ́ńjìnì mu.

Bọ̀dá ò tiẹ̀ dìde. "Mú hóòsì rédíétọ̀ mọ́tò tó wà lókè yẹn, gé e, fi wọ̀ ọ́."

"Bọ̀dá, ti mọ́tò ò lè ṣe èyí tó ń fa omi wọlé o."

"Kí ló dé?"

"Ti mọ́tò, omi ń tì í látinú ni. Èyí, pọ́ǹpù ń fà á, bí ẹni ń fa mùdùnmúdùn inú eegun. Tí kò bá ní wáyà nínú, á pa dé."

"Nígbà ogun," Bọ̀dá ní, ó wá jókòó dáadáa, "hóòsì mọ́tò la fi ṣe ọkọ̀ ojú omi àwọn sójà. Ó gbé wa lọ, ó gbé wa bọ̀. Níbo lo wà nígbà yẹn?"

"Wọn ò tíì bí mi."

"Ẹ̀n-ẹ́n. O ti dá ara ẹ lóhùn."

"Bọ̀dá, ogun ti parí."

Mo mọ̀ pé mo ti sọ ohun tí èèyàn kì í sọ fún un. Ó ní tí mo bá ti mọ̀ ju òun lọ, kí n lọ mú hóòsì tèmi wá, àmọ́ kí n rántí pé ọmọṣẹ́ tó bá já ọ̀gá nírọ́ níwájú oníbàárà, ọwọ́ òun ò ní gun orí ẹ̀. Ó yé mi. Fọ́tò ló ń sọ. Mo rí ìṣó ilé wa lójú mi gbangba. Mo jáde.

Obìnrin kan wà létí pọ́ọ̀tù, Sis Kebbeh, òun ló ń ta nǹkan tó bá jáde lára ọkọ̀ òkun, okùn, bóòtù, róbà, gbogbo ẹ̀ ló kó jọ bí òkè. Mo jókòó síwájú ẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, ẹni kankan ò kọ́ mi: mo máa fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu hóòsì kan, màá fi ẹnu mi sí ìdí kejì, màá fà á bí ẹni ń fa oyin. Tí ara ẹ̀ bá wọ inú, mo sọ ọ́ nù. Tó bá dúró, mo tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ bí ìgbà tó máa gba igun inú ọkọ̀ kọjá, mo tún fà á. Àwọn èèyàn ti ń dúró wò mí.

"Nigeria man," Sis Kebbeh ní, "you buying it or you eating it?"

"I'm asking it question."

"And what it say?"

"This one is lying." Mo jù ú sẹ́yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mi ò dá wọn lóhùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwàdà máa jáde lẹ́nu mi lédè ibí, tó sì balẹ̀ síbi tí mo sọ ọ́ sí. Mo gbé ojú sílẹ̀ kí wọ́n má rí i pé inú mi dùn.

Mo rí èyí tí wáyà yí po nínú, mo fi ọ̀bẹ gé etí ẹ̀ láti wò ó bóyá wáyà náà ti dógùn-ún, kò tíì dógùn-ún. Mo rí ti sálẹ́ńsà tó nípọn, aṣọ wà láàárín róbà ẹ̀ ní ìpele-ìpele. Sáísì ni wàhálà. Ẹ́ńjìnì yẹn, ayé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi ínṣì wọn nǹkan ni wọ́n ṣe é, àwọn hóòsì tuntun kì í bá a dọ́gba. Sis Kebbeh ní kí n ra èyí tó fẹ̀ díẹ̀ kí n fi kílíìpù, irin tó ń de hóòsì, fún un pa. Mo kọ̀ ọ́. Ohun tó bá fẹ̀ ju páìpù ẹ̀ lọ, bó o bá fún un títí, ibì kan á ká, omi á gbabẹ̀. Orí páìpù tí mo tú kúrò lára ẹ́ńjìnì wà lápò mi, mo ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ̀ ọ́ títí mo fi rí èyí tó ń bá mi jà kó tó wọlé. Mo fẹ́ràn ohun tó bá ń bá mi jà.

Ti dísù, mo gé díẹ̀ lára oríṣi méjì, mo rẹ ẹ́ sínú ìgò dísù nílé. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọ̀kan ti wú bí ẹ̀wà. Ìkejì wà bó ṣe wà. Mo mú ìkejì.

Nígbà tí mo dé ìdí ọkọ̀, Bọ̀dá ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Ó ti fi hóòsì mọ́tò sí i. Àpótí irinṣẹ́ mi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ó ti kó o jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

"Bọ̀dá, kí lèyí?"

"Ẹni tí ò ní ọ̀gá, ó yẹ kó ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀."

Mo fẹ́ bú. Ọ̀rọ̀ tó wá sí mi lẹ́nu, tí mo bá kọ ọ́ síbí ẹ ò ní kà á tán. Old Man Jlah gbọ́wọ́ sókè. "Nigeria man, you can vex too much, ya. Start the engine."

A ò tíì tú ọkọ̀ lókùn. Ẹ́ńjìnì dún, omi ń tu jáde nídìí ọkọ̀, Bọ̀dá wò mí bí ẹni pé kí n máa lọ. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó sáré. Bó ṣe máa sáré láàárín òkúta yẹn ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó sáré." Baba ti ọ̀pá tí wọ́n fi ń fún ẹ́ńjìnì níná síwájú. Ẹ́ńjìnì ké. Gbogbo wa tẹ̀ sílẹ̀ wo hóòsì náà, bó ṣe ń fà bẹ́ẹ̀ ló ń wọnú, títí tó fi pẹlẹbẹ bí ikùn ẹni tó ń gbààwẹ̀. Nídìí ọkọ̀, omi dá. Èéfín funfun gbígbẹ ló kù tó ń jáde.

Bọ̀dá fúnra ẹ̀ ló pa ẹ́ńjìnì. Ó tú hóòsì ẹ̀, ó dìde kúrò níbẹ̀ fún mi.

Mo kó tèmi sí i. Kílíìpù méjì-méjì ni mo fi sí èyí tó wà nísàlẹ̀ omi. A ṣáná sí i, a jẹ́ kó ké, hóòsì ò mira, omi ń tu bí ẹni ń tọ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo yan. Mo yan láti ìdí ọkọ̀ dé orí ẹ̀. Mo ní kí ẹni tó bá mọ ọ̀gá mi lọ kí i.

"Èyí tó nà tààrà bí ọ̀nà Ìlọrin yìí ńkọ́?"

Bọ̀dá ni. Ó nawọ́ sí hóòsì sálẹ́ńsà. Èyí tí mo yọ kúrò, ó yọ iké lókè kó tó sọ̀ kalẹ̀ jáde. Mo rò pé ẹni tó ṣe é ò mọ gígé ni. Nídìí jẹnẹrétọ̀, bí páìpù èéfín bá ṣe kúrú tó ló ṣe dáa tó, torí náà mo gé e, mo nà án tààrà, ó mọ́ lójú.

"Ògbómọ̀ṣọ́," Bọ̀dá ní, pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló dùn mí. "Orí ilẹ̀ lo wà? Ìgbì á wá látẹ̀yìn, á gba ibẹ̀ wọlé, kò sí òkè tó máa gùn, á lọ jókòó sínú ẹ́ńjìnì. Bí ọkọ̀ kan ṣe kú mọ́ wa lọ́wọ́ nígbà ogun nìyẹn. Iké yẹn ló ń lé òkun padà."

Mo tẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń tú kílíìpù ẹ̀.

Old Man Jlah wo èmi, ó wo Bọ̀dá. "The two of you," ó ní, "the two of you almost drown my sister."

Mo padà lọ bá Sis Kebbeh. Kò bi mí léèrè, ó kàn gé hóòsì sálẹ́ńsà míì fún mi, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ní, "This one talking true?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi àti Bọ̀dá la jọ gbé e gba òkè, ó dì í mú, mo so ó. A ò bára wa sọ̀rọ̀ àfi "gbé e díẹ̀", "tún gbé e". Nígbà tá a parí, ó nu ọwọ́.

"Wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé. A ò ní dúró dọdún mọ́. Màá ṣe fíríídọ̀mù fún ẹ."

Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ná an. Àgbàlagbà ni. Mo tún rí ìṣó yẹn.

"Bọ̀dá, ẹ kọ́ mi ní nǹkan lónìí, ẹ ṣé, mi ò ní gbàgbé. Àmọ́ ẹ ò kọ́ mi níṣẹ́. Tá a bá ya fọ́tò yẹn, irọ́ ni Màámi máa gbé kọ́ pálọ̀."

"Ìyá ẹ á sunkún."

"Èmi náà mọ̀."

"Orí ẹ le."

"Ìyẹn lẹ́nì kankan ò fi gbọ́wọ́ lé e."

Ó pòṣé, ó lọ. Àmọ́ kí n tó gbé àpótí irinṣẹ́ mi nílẹ̀, ó yíjú padà, ó ní ta ló ń gbé ẹrù kiri bí ìyàwó tí wọ́n lé, kí n gbé e padà sí àyè ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, òkun tẹ́. Ẹ̀gbọ́n Old Man Jlah jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú agbòòrùn, ó ti ń bú àbúrò ẹ̀ pé kò tètè lọ. Ẹ́ńjìnì ń dún. Mo pe Màámi, mo ṣí fóònù sílẹ̀ kó lè gbọ́.

"Kí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ́ńjìnì ni. Èmi ni mo ṣe é. Ó ń gbé ìyá àgbà kan lọ sílé."

"Ọlọ́run ṣeun. Bọ̀dá ẹ ńkọ́? Ọjọ́ wo ni fọ́tò?"

"Kò sí fọ́tò, Màámi. Mo ní kó má ṣe é. Kì í ṣe ọ̀gá mi."

Mo gbọ́ tó fa àga, tó jókòó. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí jẹnẹrétọ̀ dún. Ẹ̀yin lẹ jó. Tí ẹnì kan bá máa súre sí iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin ni."

"Èmi tí mi ò mọ orúkọ sipánà?"

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ súre."

Mo gbọ́ tó ń fa imú. Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ mi ò ní já mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní ohun tí mo bá so ò ní tú. Ó ní ẹni tí mo bá bá tún ọkọ̀ ṣe, á lọ, á bọ̀. Ó ní omi ò ní gbé ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ mi. Ó ní, "Ìṣó yẹn, màá fi fìlà bàbá ẹ kọ́ ọ, ó ti ń wá ibi tó máa gbé e sí látọjọ́ yìí." Ẹnì kan ṣàmín lẹ́yìn mi, ó ròkè ju ẹ́ńjìnì lọ. Bọ̀dá Ràsákì ni, ó dúró pẹ̀lú kẹ́tùlù àlùwàlá ẹ̀ lọ́wọ́, kò wo ojú mi. Ó yọ sikrudíráfà lápò, ó nà án sí mi.

"Róbà tuntun máa ń rọ̀ tó bá kọ́kọ́ gbóná. Lọ fún kílíìpù ẹ kí ìyá yẹn tó lọ."

Mo wọlé lọ fún un. Wọ́n gba àárín òkúta kọjá, mò ń gbọ́ ọ títí tí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́. Old Man Jlah pè láti Harper, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti délé, ó ti ń bú àwọn ará ibẹ̀ náà.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá pàdé mi ní Sinkor lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ má bi mí ta ni ọ̀gá mi mọ́. Ẹ bi mí pé ṣé iṣẹ́ tí mo ṣe dúró.

Ó dúró.